Ipò Kọkànlá: ọmọ kan, òṣùwọ̀n méjì, ní Òṣogbo

Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí iléèwé wọlé ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, ìyá kan tó ń ta gààrí ní ọjà Ìgbọ̀nà wọ ọ́fíìsì ọ̀gá iléèwé wa, ó tẹ́ ìwé méjì sórí tábìlì, kò kí ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá mọ ìyá yìí á ti mọ̀ pé nǹkan ṣe, torí obìnrin tó máa ń kúnlẹ̀ kí tíṣà tó lè bí lọ́mọ ni. Ìwé àkọ́kọ́ ni ìwé èsì tí ọmọ rẹ̀ gbà lọ́wọ́ wa nígbà tó parí kíláàsì kẹrin ní 2014. Ó wà níbẹ̀ gàdàgbà pé ipò kọkànlá ló ṣe nínú ọmọ 54, pé ó yege, kó máa lọ sí kíláàsì karùn-ún. Ìwé kejì wá láti iléèwé aládàáni kan tí kò jìnnà sí ilé wọn. Wọ́n fi bírò pupa kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ náà kò lè ka àyọkà Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fún un, àyọkà ti Primary 3, pé Primary 4 ni àwọn lè gbà á sí. Ọmọ ọdún mọ́kànlá tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ kíláàsì kẹfà lọ́sẹ̀ yẹn.

Èmi ni mo kọ ìwé èsì àkọ́kọ́. Ọwọ́ mi ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Kí ẹni tí kò gbé Ọ̀ṣun lásìkò náà lè bá mi lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ètò iléèwé wa ṣe rí nígbà yẹn. Láti 1982 ni Nàìjíríà ti ń lo 6-3-3-4: ọdún 6 ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, 3 ní JSS, 3 ní SS, 4 ní yunifásítì. Ní 2011, Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá pe àpérò ńlá lórí ètò ẹ̀kọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ló ṣe alága rẹ̀. Lẹ́yìn àpérò náà ni ìjọba tún iléèwé pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Ọmọ á lo ọdún 4 ní Elementary, ọdún 5 ní Middle, ọdún 3 ní High. Tí ẹ bá ro ó, 4 àti 5 jẹ́ 9. 6 àti 3 náà jẹ́ 9. Ọdún 9 yìí gan-an ni òfin UBE ti 2004, òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, ní kí gbogbo ọmọ fi kàwé lọ́fẹ̀ẹ́, ní dandan. Ẹnikẹ́ni kò fi kún un, ẹnikẹ́ni kò yọ níbẹ̀. Ibi tí wọ́n ti dá a sí méjì ló yàtọ̀.

Ṣùgbọ́n ìdásíméjì yẹn kó nǹkan púpọ̀ dání. Ní 2013, wọ́n da àwọn iléèwé pọ̀, ti ọkùnrin wọ inú ti obìnrin, ti ìjọ kan wọ inú ti ìjọ kejì. Yúnífọ́ọ̀mù di ọ̀kan náà káàkiri ìpínlẹ̀. Àwọn tó jáde láti iléèwé kan tí wọ́n pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ ń sunkún bí ẹni tí wọ́n wó ilé bàbá rẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì àkọ́kọ́ dé ìkẹrin ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán lọ́fẹ̀ẹ́. Ọdún 2013 náà ni Ọ̀pọ́n Ìmọ̀ jáde, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí ìjọba ní òun á pín 150,000 rẹ̀ fún àwọn ọmọ High. Iléèwé alájà ń ga sí i láàárín ìlú. Gbogbo èyí la ń rí lójú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ onígààrí kò ṣe é fojú rí láti ẹ̀bá títì.

Ọmọ náà níyè nínú. Tí mo bá ka ojú ìwé kan lẹ́ẹ̀mejì péré, ó ti mọ́ ọn lórí. Tí mo bá ní kó dìde kó kà, á na ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀, á máa kà á lọ geere, kíláàsì á pàtẹ́wọ́ fún un. Mi ò fìgbà kan ṣí ojú ìwé tí kò rí rí fún un. Ọmọ 54 ló wà níwájú mi, mẹ́ta mẹ́ta lórí àga ẹni méjì, sílábọ́ọ̀sì ń lé mi, àwọn olóúnjẹ ti ń gbé abọ́ bọ̀. Ọmọ tó ń kàwé geere kọ́ ni tíṣà máa ń dúró tì. Àwọn tí kò lè da b mọ̀ yàtọ̀ sí d ni mo ń bá wọ̀yá ìjà lójoojúmọ́. Nígbà ìdánwò, ìbéèrè tó ti inú nóòtù tí mo kọ sójú pátákó wá ni mo fún wọn. Ó kọ ohun tó há sórí, ó sì gba máàkì. Ipò kọkànlá.

Ẹ wò ó, ipò yẹn ni mo fẹ́ ká dúró lé lórí díẹ̀. Ohun tí ìwé èsì wa máa ń sọ fún òbí ni pé ọmọ rẹ ta ẹni 43 yọ. Kò sọ ohun tí ọmọ náà lè ṣe. Bí gbogbo kíláàsì bá wà nínú kòtò, ẹni tó wà lókè jù nínú kòtò ló máa ṣe ipò kìíní. Òbí á jó, wọn á ra bíská fún un, kò sẹ́ni tó parọ́ fún wọn, síbẹ̀ wọn ò mọ nǹkan kan. Ogún ọdún ni mo ti fi ń kọ ipò sínú ìwé èsì kí ìyá yìí tó wọlé, mi ò rò ó bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tó dé Middle, nǹkan mìíràn ṣẹlẹ̀ tí ẹni tí kò kọ́ ọmọ rí kò ní tètè rí. Ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tíṣà kan ló ni kíláàsì kan. Ó mọ ilé ọmọ, ó mọ ẹni tí kò jẹun wá, ó mọ ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dé pátákó. Ní Middle tí ọmọ wa lọ, tíṣà kan ni fún iṣẹ́ kan: ti ìṣirò á wọlé, á jáde, ti sáyẹ́ǹsì á gba ọwọ́ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá bọ́ sọ́wọ́ tíṣà mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí ọ̀kankan nínú wọn tí kíka ìwé jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gbà pé a ti parí kíkà ní kíláàsì kẹrin. Èmi gbà pé kíláàsì karùn-ún àti ìkẹfà ni wọn á ti parí rẹ̀, bí a ṣe máa ń ṣe kí ètò tó yí. Àárín wa ni ọmọ bọ́ sí. Ìjọba yí iye ọdún padà. Ní iléèwé tiwa, kò sí ẹni tó jókòó ti èmi àti tíṣà Middle yẹn pé, ó dáa, kí ni kí ọmọ mọ̀ ọ́n ṣe kó tó kúrò lọ́wọ́ ẹni yìí bọ́ sọ́wọ́ ẹni yẹn?

Ìyá náà kò gbà kí ọ̀rọ̀ parí sí ọ́fíìsì. Ó ní àfi kí wọ́n pe ìpàdé òbí àti tíṣà. Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ní oṣù Kọkànlá ni ìpàdé náà wáyé, nínú kíláàsì tó fẹ̀ jù, àwọn òbí sì pọ̀ débi pé àwọn kan dúró lójú fèrèsé.

Ọ̀rọ̀ iléèwé wa kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ sọ. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó jẹ́ hẹdimásítà nígbà tó ń ṣiṣẹ́, ló gba ọ̀rọ̀. Ó ní Sítáńdàdì Síìsì lòun jáde. Ó ní ọdún 8 ni wọ́n fi ń ṣe alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí Awólọ́wọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù Kìíní 1955, tó sì sọ ọ́ di 6. Wọ́n pariwo nígbà náà pé ẹ̀kọ́ ti bàjẹ́. Ní báyìí ó ti di 4. "Tí ẹ bá ń gé e báyìí," bàbá ní, "ọjọ́ wo ni ọmọ máa jinná?" Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Bàbá ọlọ́kadà kan dìde sí i. Ó ní kí bàbá má bínú, àmọ́ kí ètò yìí tó dé, ọmọ òun kẹta kì í lọ sí iléèwé tó ọjọ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀. "Ẹyin ló gbé e lọ, bàbá wa. Ìrẹsì àti ẹyin. Ẹ má bá mi bú ohun tó gbé ọmọ mi jókòó síbi kan." Mo rí i pé òótọ́ ló sọ, torí èmi ni mo ń pe ríjísítà láràárọ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ìjàbù wọlé, ó sì jẹ wákàtí kan gbáko. Ẹjọ́ náà ṣì wà níwájú ilé ẹjọ́ gíga nígbà yẹn. Oṣù Kẹfà 2016 ni Adájọ́ Jídé Fálọlá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a pé àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí lè lo ìjàbù ní iléèwé ìjọba, tí àwọn ọmọ kan ní Ìwó sì wọ aṣọ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì lọ sí kíláàsì láti fi ẹ̀hónú hàn. Mi ò sọ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kéré. Aṣọ tí ọmọ ẹni máa wọ̀, orúkọ tí iléèwé bàbá ẹni máa jẹ́, ọ̀rọ̀ ọkàn ni. Àmọ́ ìyá onígààrí jókòó síbẹ̀ ní gbogbo wákàtí yẹn, ìwé méjèèjì lórí itan rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè ohun tó gbé e wá.

Òun fúnra rẹ̀ ló dìde. Mo kọ ohun tó sọ sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, kó má baà yí lẹ́nu mi.

"Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin tíṣà wa, ẹ jọ̀wọ́. Èmi ò kàwé. Kọ́ńgò ni mo mọ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kọ́ńgò wà tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú. Tí mo bá wọn gààrí kọ́ńgò mẹ́wàá fún oníbàárà, tó gbé e dé ilé, tó tún un wọ̀n, tó di méje, kò ní bi mí bóyá ìsọ̀ mi lẹ́wà. Kò ní bi mí léèrè aṣọ tí mo wọ̀. Olè lá á pè mí. Anti kọ̀wé sí mi pé ọmọ mi ṣe ipò kọkànlá. Mo jó. Mo sọ fún gbogbo ìsọ̀. Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹlòmíràn, wọ́n tún un wọ̀n, kò kún. Mi ò pe ẹnikẹ́ni lólè. Mo kàn fẹ́ mọ kọ́ńgò tí ẹ fi wọ̀n ọ́n."

Gbogbo ilé dákẹ́. Ojú mi kò sì kúrò nílẹ̀.

Ọ̀gá wa ní ìlànà ni pé kí ọmọ máa lọ, kí wọ́n má dá ọmọ dúró sí kíláàsì kan. Tíṣà kan tó kéré sí mi dìde, ó sì sọ ohun tó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ wa. Ó ní tí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ọmọ, tíṣà ni wọ́n máa padà fi wọ̀n. Àwọn tó wà lókè á ní ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò kàwé kò yẹ lẹ́ni à ń san owó fún. Ẹ rántí ọdún tí à ń sọ. Ọdún 2015 ni, ọdún tí òṣìṣẹ́ Ọ̀ṣun fi ọ̀pọ̀ oṣù retí owó oṣù, tí ìjọba sì padà bẹ̀rẹ̀ sí í san ìlàjì fún ọ̀pọ̀ wa. Àwọn tíṣà kan ń rin ìrìn láti Òkè-Báálẹ̀ wá síbi iṣẹ́. Ìbẹ̀rù tíṣà náà ní ìdí, mi ò sì lè bá a wí.

Mo sọ tèmi. Mo ní èmi ni mo kọ ìwé yẹn, pé mi ò yẹ ọmọ náà wò dáadáa, pé kí ìyá rẹ̀ dárí jì mí. Mo ní kí a má dúró de Abẹ́ẹ̀rẹ̀, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà, tàbí Àbújá. Kí àwa tíṣà kíláàsì kẹrin àti àwọn ti Middle tí à ń kó ọmọ lọ bá jókòó, kí a kọ ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ lè ṣe kó tó kọjá sílẹ̀, lójú ìwé kan péré, ní èdè tí ìyá onígààrí náà máa gbọ́. Kí a má sì kọ orúkọ tíṣà kankan sí i. Orí ìyẹn ni a parí ìpàdé sí.

Kí a tó kọ ọ́, mo fẹ́ mọ ohun tí ọmọ náà mọ̀ gan-an. Mo ní kó wá bá mi lẹ́yìn iléèwé. Mo fún un ní àyọkà Gẹ̀ẹ́sì tí kò rí rí: ó wò ó, ó wo ojú mi, ó dákẹ́. Abala ìwé ìròyìn Yorùbá kan wà lórí tábìlì mi tí wọ́n fi wé àkàrà tí mo rà láàárọ̀, òróró ti wọ̀ ọ́. Mo nà án sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó ń kọsẹ̀ níbi tí àmì kò sí lórí ọ̀rọ̀, á padà sẹ́yìn, á tún un kà kó lè bá ìtumọ̀ mu, á sì máa lọ. Ó ka ìròyìn náà tán. Ó ní, "Anti, wọn ò sọ bóyá wọ́n rí ọkọ̀ ọkùnrin náà." Òótọ́ ni, ìwé ti ya níbẹ̀.

Mi ò lè sọ bí ara mi ṣe rí. Ọmọ tí àwọn kan fi bírò pupa kọ pé kò lè kàwé ni èyí. Ó lè kàwé. Èdè tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n ni kò tíì wọlé sí i lára. Èmi tí mo sì fún un ní ipò kọkànlá, mi ò mọ èyí tó mọ̀ àti èyí tí kò mọ̀.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ìpínlẹ̀ wa yìí ló yẹ kó ti mọ èyí tipẹ́. Ní 1970, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì Ifẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ló ṣáájú wọn, mú àwọn ọmọ kan ní iléèwé St. Stephen's ní Mọdákẹ́kẹ́, wọ́n fi Yorùbá kọ́ wọn ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún 6 odindi, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ láti kíláàsì kẹrin lọ, àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ta wọ́n yọ, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì. Láti Òṣogbo dé Mọdákẹ́kẹ́, ọkọ̀ kan ni. Ètò tí wọ́n dán wò ní Mọdákẹ́kẹ́ kò dé ọ̀dọ̀ wa.

Ojú ìwé tí a kọ lórí kíláàsì kẹrin ṣì wà lọ́wọ́ mi, nínú ìwé àádọ́rin ojú kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣí. A kọ ọ́ pé kí ọmọ ka ojú ìwé Yorùbá kan tí kò rí rí, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó wà níbẹ̀. Kó ka gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì mẹ́wàá tí kò rí rí, kó sì fi Yorùbá sọ ìtumọ̀ wọn. Kó kọ lẹ́tà kékeré sí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀. Kó ṣírò ṣéńjì tó yẹ kó gbà tó bá ra nǹkan mẹ́ta pẹ̀lú 500 náírà. Ìṣirò ṣéńjì ni ìyá onígààrí fi kún un. A fi Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì sí ìlà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹni tó bá gba ọmọ lè rí ẹsẹ̀ tó le àti èyí tó ń tiro.

Nígbà tí a kọ́kọ́ fi wọn kíláàsì mi, àwọn tó ka ti Yorùbá já ju ìlọ́po méjì àwọn tó ka ti Gẹ̀ẹ́sì já lọ. Àwọn kan wà tí kò ka ọ̀kankan, díẹ̀ lára wọn sì ti ṣe ipò karùn-ún, ipò kẹjọ rí. A kó wọn jọ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ọmọ onígààrí náà dara pọ̀ mọ́ wọn nítorí Gẹ̀ẹ́sì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ọmọ iléèwé wa mọ́. Ìyá rẹ̀ kò rówó san ní iléèwé aládàáni náà, ó sì padà sí Middle. A ṣe é fún sáà ẹ̀kọ́ méjì. Wọ́n gbé ọ̀gá wa lọ síbòmíràn, ẹni tó rọ́pò rẹ̀ ní kò sí nínú ìlànà, a sì dá a dúró.

Ìjà ńlá sì ń bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí Gómìnà Gbóyèga Oyètọ́lá dé, ó gbé ìgbìmọ̀ dìde lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Olú Àìná láti yẹ ètò náà wò, ní oṣù Kejì 2020 ìjọba sì kéde pé Ọ̀ṣun máa padà sí 6-3-3-4, pé àwọn iléèwé máa gba orúkọ àti yúnífọ́ọ̀mù wọn padà. Àwọn kan yọ̀, àwọn kan ní wọ́n ń wó iṣẹ́ ẹlòmíràn. Kó tó di pé a mọ ẹni tó jàre, kòrónà ti gbogbo iléèwé pa ní oṣù Kẹta. Ní 2022, Àbújá ní èdè abínibí ni kí a máa fi kọ́ ọmọ ní gbogbo ọdún 6 alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo yọ̀ lọ́jọ́ náà débi pé mo pe ìyá onígààrí lórí fóònù. Ní oṣù Kọkànlá 2025, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, ní wọ́n ti fagi lé e, Gẹ̀ẹ́sì ni láti jẹ́lé-ó-sinmi dé yunifásítì. Inú mi kò dùn sí i, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ níbi tí àwọn tíṣà ti pé jọ. Mo tún bi wọ́n bóyá ẹnikẹ́ni rí ojú ìwé kan tó sọ ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ lè ṣe kó tó kúrò ní kíláàsì kẹrin, ní èdè èyíkéyìí. Wọ́n ní kí n má dá wàhálà sílẹ̀.

Ọmọ náà ṣe WAEC. Ìgbà kejì ló tó rí kírẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì báyìí.

Àbíkẹ́yìn ìyá rẹ̀ wà ní kíláàsì kẹrin lọ́dún yìí, lọ́dọ̀ tíṣà mìíràn. Ní ọjọ́ tí iléèwé gba ìsinmi Kérésìmesì, ìyá náà wá sí ilé mi pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́ àti ìwé èsì nínú báàgì. Mo nawọ́ pé kó mú un wá kí n wò ó. Kò mú un wá. Ó gbé ọmọ jókòó sórí àpótí níwájú mi, ó ní, "Anti, ẹ wá ìwé kan tí kò rí rí fún un kó kọ́kọ́ kà."

Mo dìde, mo lọ wá ìwé.